Bí òṣìṣẹ́ kékeré ní báǹkì ìdókòwò ṣe lè mú àbá ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní láárí wá

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ báǹkì ìdókòwò: "Ọ̀gá ní kí n mú àbá mẹ́ta wá fún oníbàárà wa kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ṣí Excel, wọ́n á tẹ ẹ̀ka òwò àti iye owó tó ń wọlé sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí, wọ́n á sì kó ọgbọ̀n orúkọ jáde. Ọ̀gá á wò ó gààràgà, á dá a padà. Oníbàárà ti mọ gbogbo orúkọ wọ̀nyẹn kí báǹkì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò tíì rí àyè rò jinlẹ̀ ni ìdí tí ọ̀kan nínú wọn fi ṣeé rà lásìkò yìí gan-an, iye tó lè san kó má kábàámọ̀, àti ẹni tó máa gbà láti tà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, láti orí ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kà títí dé ojú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ máa fi lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àbá kó tó pé

Ẹ kọ gbólóhùn yìí síbi tí ojú yín ti lè máa tó o:

"Ó yẹ kí ____ ra ____ báyìí, torí pé ____ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Ó lè fi ____ san owó rẹ̀. Àwọn tó ni ín máa gbà torí ____. Ohun tó lè bà á jẹ́ jù ni ____."

Àlàfo mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan lẹ rí dí, orúkọ méjì lẹ ní, ẹ ò tíì ní àbá. Àlàfo kẹta ló máa ń ṣòro jù, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kí oníbàárà fẹ́ gbọ́ ìyókù. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, bí ẹ ṣe máa dí àwọn àlàfo wọ̀nyẹn ló dá lé.

Ìkìlọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ẹ fi orúkọ oníbàárà àti ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó rà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka compliance, ìyẹn àwọn tó ń rí i pé báǹkì tẹ̀ lé òfin, kí iṣẹ́ tó jìnnà. Bí wọ́n bá ní ẹ má fọwọ́ kan orúkọ kan, ẹ jáwọ́, ẹ má sì béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí yẹn fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àṣírí oníbàárà mìíràn.
- Ohun tó wà ní gbangba nìkan ni kí ẹ lò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ inú àbá yín, bó ti wù kó dùn tó.
- Ẹ fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì ní orúkọ ìnagijẹ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ má fi orúkọ gidi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí í-meèlì ti ara yín.
- Ẹ má ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ má sì bá ará ilé sọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú oníbàárà kan, kí ẹ kà á dáadáa

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìṣòro ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó wo òmíràn. Bí ìwé kíkà náà ṣe yẹ kó tò tẹ̀ léra nìyí:

1. Ìjíròrò pẹ̀lú àwọn analyst, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìpín ilé-iṣẹ́ wò fún àwọn olùdókòwò, lẹ́yìn èsì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ mú mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ẹ fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú, torí àwọn agbẹjọ́rò ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìbéèrè àti ìdáhùn. Ẹ sàmì sí ìbéèrè tí analyst méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ béèrè, kí ẹ sì fi ìdáhùn ìgbà kan wé ti ìgbà kejì. Bí ọ̀gá àgbà bá sọ ní oṣù kejì pé "a ò ní ìdí kankan láti ta ẹ̀ka yẹn", tó wá di oṣù karùn-ún tó ní "gbogbo ẹ̀ka wa la máa ń yẹ̀ wò lóòrèkóòrè", nǹkan kan ti yí padà nínú yàrá ìgbìmọ̀ olùdarí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ wọ́n.

2. Ìròyìn ọdọọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa kà. Ibi mẹ́rin ni: tábìlì tó fi èrè ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan hàn; àlàyé gbèsè, pàápàá iye tó máa tó san ní ọdún kọ̀ọ̀kan; àlàyé nípa ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rà tẹ́lẹ̀ àti bóyá wọ́n ti ní láti gé iye rẹ̀ kù nínú ìwé; àti ibi tí wọ́n ti dárúkọ ewu tó ń bẹ níwájú. Ewu tí kò sí nínú ti èṣín tó wá wà nínú ti ọdún yìí ni kí ẹ fọwọ́ mú.

3. Ìwé tí wọ́n fi ń pe ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n owó ọ̀gá àgbà. Bó bá jẹ́ èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn EPS, ni wọ́n fi ń san án, ìràwò (ríra ilé-iṣẹ́ mìíràn) tó gbé EPS sókè máa wọ̀ ọ́ létí. Bó bá jẹ́ èrè orí gbogbo owó tí wọ́n fi dókòwò, èyí tí a mọ̀ sí ROIC, ó lè sọ pé rárá sí ìràwò kan náà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í sábà ka ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà.

4. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi gbèsè sí ipò, bíi Moody's àti S&P. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n gbèsè tó lè mú kí wọ́n já ipò ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni òpin owó tí oníbàárà yín lè yá. Ẹ pa á mọ́, a máa lò ó níwájú.

5. Àkọsílẹ̀ àwọn onípìn-ín. Ta ló ní jù? Ìdílé ni, àbí owó ìfẹ̀yìntì, àbí private equity (àwọn tó ń fi owó àkójọ ra ilé-iṣẹ́ láti tún un tà)? Ṣé ìpín kan wà tó ní ìbò mẹ́wàá nígbà tí òmíràn ní ẹyọ kan?

Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá sí ní ọjà ìpín ìdókòwò, ọ̀nà ṣì wà. Ní Bìrìtìkó, fún àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ aládàáni náà ń fi ìwé ìṣirò sí Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkéde iṣẹ́ pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀: ilé-iṣẹ́ ìdílé tó ń wá ọ̀gá ètò ìnáwó tó ti kó ilé-iṣẹ́ wọ ọjà ìpín rí ń múra ohun kan sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ohun tó ń tì wọ́n lẹ́yìn

Ilé-iṣẹ́ kì í rà, wọn kì í sì í tà, torí pé ó bójú mu lórí síláìdì. Ohun kan ló máa ń tì wọ́n. Ibí yìí ló yẹ kó gba àkókò yín jù.

*Ọ̀gá àgbà tuntun.* Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga kò ní ẹrù àṣìṣe ẹni àtijọ́ lórí, ó sì lè ta ohun tí ẹni yẹn rà láìtijú. Ẹ tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó kéde ètò rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, àbá tó bá tako ètò náà ti kú nìyẹn.

*Ọjà tó fẹ́ pàdánù ààbò òfin.* Nínú ìṣòwò oògùn, ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ àdáni (patent) máa parí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Oògùn Humira ni ilé-iṣẹ́ AbbVie gbára lé jù, wọ́n sì mọ̀ pé oògùn tó jọ ọ́ máa wọ ọjà Amẹ́ríkà ní 2023. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n kéde pé àwọn máa ra Allergan ní nǹkan bí bílíọ̀nù 63 dọ́là. Ẹni tó bá to ọjọ́ ìparí ẹ̀tọ́ sórí kàlẹ́ńdà máa rí irú àìní bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

*Onípìn-ín tó ń fa wàhálà.* Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìpín rẹ̀ bá kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tó sì fẹ́ nípa lórí ìṣàkóso gbọ́dọ̀ fi ìwé tí wọ́n ń pè ní Schedule 13D ránṣẹ́ sí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín. Láti 2024, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n fún un. Ẹ ka ìwé náà fúnra rẹ̀, torí ó sábà máa ń sọ ohun tó ń béèrè. Olùdókòwò Carl Icahn gbé e ka eBay níwájú ní 2014 pé kí wọ́n ya PayPal sọ́tọ̀. Nígbà tó di 2015, ó ti dá dúró.

*Private equity tí àkókò rẹ̀ ti tó.* Owó tí wọ́n kó jọ sábà máa ń ní ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì sábà máa ń di ilé-iṣẹ́ kan mú láàárín ọdún mẹ́ta sí méje. Ẹ kọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn nínú ẹ̀ka òwò yín sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rà á. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́rin sókè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, á sì máa ṣe yín láǹfààní fún ọ̀pọ̀ oṣù.

*Òwò ẹlòmíràn.* Èyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbójú fò jù, ó sì dùn wá, torí ìròyìn rẹ̀ wà ní gbangba. Gbogbo ìdàpọ̀ ńlá ló máa ń bí òmíràn lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, àjọ tó ń mójú tó ìdíje lè fipá mú wọn ta ẹ̀ka kan: kí ilé-iṣẹ́ bíà AB InBev tó lè ra SABMiller ní 2016, ìpín SABMiller nínú MillerCoors ní láti kúrò, Molson Coors ló sì rà á ní bílíọ̀nù 12 dọ́là. Ìkejì, ẹni tó pàdánù ṣì ní owó àti ìdí. Ní 2018, Comcast jáwọ́ nínú ìdíje pẹ̀lú Disney lórí dúkìá Fox. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ló borí nínú ìdíje fún Sky, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ìròyìn òwò kan bá jáde láàárọ̀, ẹ fi ọ̀sán wá ẹni tó máa ní láti tà àti ẹni tó kù síta.

*Gbèsè tó fẹ́ tó san.* Bí gbèsè tó pọ̀ bá máa tó san láàárín oṣù méjìdínlógún, tí èlé sì ti ga ju ìgbà tí wọ́n yá a lọ, títa ẹ̀ka kan lè dínwó fún wọn ju yíyá tuntun lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Láti orí ìṣòro bọ́ sórí orúkọ

Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ ìṣàwárí tó wúlò. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìṣòro náà ní ìlà kan: "Ẹ̀ka tó ń mú ìdajì èrè wá máa dínkù láàárín ọdún mẹ́ta." Kí ẹ wá bi ara yín pé irú ilé-iṣẹ́ wo ló lè tán an:

- èyí tó ń ta ohun kan náà, kí iye owó ìṣiṣẹ́ lè wálẹ̀;
- èyí tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ọ̀nà ìpèsè, bí Essilor tó ń ṣe dígí awò ojú ṣe dàpọ̀ mọ́ Luxottica tó ń ṣe férémù ní 2018;
- èyí tó ní ìmọ̀ tàbí àwọn oníbàárà tí kíkọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa pẹ́ jù, bí Microsoft ṣe ra GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò, ní 2018;
- èyí tó wà ní ọjà tí oníbàárà yín kò tíì dé.

Ẹ kó nǹkan bí ogójì orúkọ jọ. Ẹ fi ìwọ̀n sẹ́ wọn. Ní tiwa o, ilé-iṣẹ́ tí iye rẹ̀ kéré sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún iye oníbàárà kì í gba ọ̀gá àgbà ní àkókò, èyí tó sì kọjá ìdajì iye rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ gidi tí ìgbìmọ̀ olùdarí gbọ́dọ̀ ti ń rò tẹ́lẹ̀. Mẹ́wàá ló yẹ kó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbìyànjú láti pa àbá náà

Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ gbé orúkọ kọ̀ọ̀kan gba ẹnubodè mẹ́rin yìí. Èyí tó bá kú, kó kú níbí, dípò kó kú níwájú oníbàárà.

Ẹni tó ni ín. Bí olùdásílẹ̀ bá ní ìbò tó ju ìdajì lọ, òun nìkan lẹ ń bá dúnàádúrà. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ní arọ́pò? Ṣé ó ti ń ta ìpín tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Bí ẹ ò bá rí ìdí kankan tó fi máa tà, ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀.

Àjọ ìdíje. Ìṣirò kan wà tí ẹ lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú ìdá tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú ọjà, ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. HHI nìyẹn, nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá ọjà náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Iye tí ìdàpọ̀ máa fi kún un ni ìdá àkọ́kọ́ lọ́nà ìdá kejì, lọ́nà méjì. Bí ọ̀kan bá ní 15, tí èkejì ní 10, àfikún náà jẹ́ 300. Nínú ìlànà tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023, bí HHI bá kọjá 1,800 lẹ́yìn ìdàpọ̀ tí àfikún sì ju 100 lọ, wọ́n á kà á sí ohun tó lè pa ìdíje lára. Ẹ má sì rò pé ìtìlẹ́yìn ìjọba tó láti kọjá: ìjọba Faransé àti ti Jámánì ló wà lẹ́yìn ìdàpọ̀ ẹ̀ka ọkọ̀ ojú irin Siemens àti Alstom, síbẹ̀ àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a dúró ní oṣù kejì ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu wọn. Bí oníbàárà bá ti sọ ní gbangba lábẹ́ òfin ìràwò Bìrìtìkó pé òun kò ní rà, oṣù mẹ́fà gbáko ló máa fi dúró, àfi láwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ wá inú ìròyìn kí ẹ tó gbé orúkọ náà lọ.

Iye tí wọ́n ń retí. Ẹ wo iye tó ga jù tí ìpín náà dé láàárín ọdún kan. Bí ìpín bá wà ní 60 dọ́là báyìí, tó sì ti dé 95 láàárín ọdún náà, fífi ìdá 30 kún un máa gbé e dé 78 péré. Ìgbìmọ̀ wọn á ní ẹ fẹ́ fi owó kékeré gbé wọn.

Mẹ́ta tàbí méjì ló máa là á já. Ó tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìṣirò tó wọ ẹ̀yìn ìwé kan

Ẹ má tíì kọ́ módẹ́ẹ̀lì ńlá. Ìlà márùn-ún ló tó láti mọ̀ bóyá àbá náà dúró. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é.

Olùrà: EBITDA (èrè kí a tó yọ èlé, owó orí àti ìdínkù iye dúkìá) mílíọ̀nù 400 dọ́là, gbèsè tó kù lẹ́yìn tí a yọ owó ọwọ́, mílíọ̀nù 600, P/E (iye ìpín tí a fi èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan pín) 20.
Ẹni tí a fẹ́ rà: iye rẹ̀ lọ́jà, mílíọ̀nù 1,000, gbèsè lẹ́yìn owó ọwọ́, 100, EBITDA, 140, èrè kí a tó yọ èlé àti owó orí, 110, èrè ìkẹyìn, 78.
Owó orí jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé gbèsè tuntun 6.5. Gbèsè kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta EBITDA lọ, bí àwọn tó ń fi gbèsè sí ipò ṣe kọ ọ́.

1. Iye. Ẹ fi ìdá 30 kún iye ọjà: 1,300. Ẹ fi gbèsè 100 kún un: 1,400. Ẹ fi EBITDA 140 pín in: ìlọ́po 10. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n san nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn.

2. Owó. EBITDA méjèèjì jẹ́ 540. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 1,620. Ẹ yọ gbèsè olùrà, 600: ó ku 1,020 tó lè yá. 1,400 la nílò, nítorí náà 380 ṣì wà nílẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ní "á fi owó ọwọ́ rẹ̀ san án". Ṣùgbọ́n a ti yọ owó ọwọ́ nígbà tí a kọ 600. Bó bá ná an, gbèsè náà á ga sókè. Títẹ ìpín tuntun jáde tàbí títa ẹ̀ka kan ló máa mú 380 yẹn wá.

3. EPS. Ẹ fi 1,300 pín 78: ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí títẹ ìpín tuntun ń ná olùrà jẹ́ 1 pín sí 20, ìyẹn ìdá 5. Èlé gbèsè lẹ́yìn owó orí jẹ́ 6.5 lọ́nà 0.75, ó jẹ́ 4.875. Méjèèjì kéré sí 6, nítorí náà EPS máa gòkè. Ẹ rántí pé dídín iye àwọn dúkìá àfọkànrí (tí kò ṣeé fọwọ́ bà) kù lọ́dọọdún lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀.

4. Èrè tí ìdàpọ̀ nìkan lè mú wá. 300 ni olùrà san lé iye ọjà. Bí ìdàpọ̀ bá fi mílíọ̀nù 40 pamọ́ lọ́dún, ó jẹ́ 30 lẹ́yìn owó orí. Ní ìlọ́po 10, ó jẹ́ 300. Ìyẹn ni pé 40 kàn dá owó padà ni, a ò sì tíì ka owó tí wọ́n máa ná láti mú un ṣẹ, èyí tó lè tó èrè ọdún kan odindi.

5. ROIC. 110 lọ́nà 0.75 jẹ́ 82.5. Ẹ fi 30 yẹn kún un: 112.5. Ẹ fi 1,400 pín in: bí ìdá 8. Bí owó ìdókòwò bá ń ná olùrà ní ìdá 9, òwò yìí gbé EPS sókè, síbẹ̀ ó ń jẹ owó àwọn onípìn-ín.

Ibi tí iṣẹ́ yín ti níye lórí nìyí. Ẹ yí ìṣirò náà padà: kí ROIC tó lè tó 9, 126 la nílò lọ́dún, ìyẹn 43.5 sí i lẹ́yìn owó orí, ìyẹn mílíọ̀nù 58 kí a tó yọ ọ́. Ká ní 900 ló ń wọlé fún ẹni tí a fẹ́ rà, ìnáwó rẹ̀ jẹ́ 760, nítorí náà 58 jẹ́ ìdá 7.6 nínú rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Iye ilé ìpamọ́, ọ́fíìsì àgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ohun kan náà ló máa dáhùn. Ìbéèrè yẹn ni ọ̀gá lè gbé lọ bá oníbàárà, torí oníbàárà nìkan ló mọ ìdáhùn rẹ̀ dájú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ojú ìwé kan

Ẹ kọ gbólóhùn alálàfo mẹ́fà yẹn sókè, ní kíkún. Lábẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ ọ̀gá àgbà pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́, ìlà márùn-ún ìṣirò, àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ewu méjì tó tóbi jù, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí oníbàárà ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ má fi maapu àti àmì ilé-iṣẹ́ kún un láti jẹ́ kó dùn wò.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́:

- Ṣé iye ìpín tí ẹ lò kò ti gba àgbàsọ sára? Bí ìròyìn ìràwò bá ti gbé e sókè, ẹ lo iye ọjọ́ tó ṣáájú ìròyìn náà.
- Ṣé ẹ ti ka ìpín tí àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rà àti gbèsè tó lè di ìpín?
- Ṣé bond wọn, ìyẹn ìwé gbèsè tí wọ́n tà fún àwọn olùdókòwò, ní àdéhùn pé bí ilé-iṣẹ́ bá yí ọwọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ rà á padà, lọ́pọ̀ ìgbà ní 101 lórí 100 kọ̀ọ̀kan? Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí olùrà máa wá.
- Ṣé gbèsè owó ìfẹ̀yìntì àti ti ilé tí wọ́n háyà ti wọ ìṣirò?
- Ṣé ẹlòmíràn wà tó lè san jù? Bó bá wà, kí ló dé tí oníbàárà yín fi máa borí?

Bí ríra kò bá ṣeé ṣe

Ẹ má jẹ́ kí àbá kú torí pé ẹnì kan ní òun kò tà. Oníbàárà lè ra ẹ̀ka kan dípò gbogbo rẹ̀. Ó lè ra ìpín kékeré pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti ra ìyókù lọ́jọ́ iwájú. Ó lè dá ilé-iṣẹ́ àjọni sílẹ̀: GSK àti Pfizer kó ẹ̀ka oògùn tí èèyàn ń rà fúnra rẹ̀ jọ ní 2019, ohun tó tibẹ̀ jáde sì dá dúró ní ọjà ìpín ní oṣù keje ọdún 2022 pẹ̀lú orúkọ Haleon. Ó sì lè jẹ́ pé oníbàárà yín fúnra rẹ̀ ló yẹ kó tà. Àbá títà ṣòro láti gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ṣẹ ju ti ríra lọ, torí ọwọ́ oníbàárà ni ohun títà wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Gbígbé àbá tí oníbàárà ti kọ̀ ní èṣín lọ bá a láìsọ ohun tó yí padà. Kíkọ "èrè ìdàpọ̀ máa pọ̀" láìsí nọ́ńbà tàbí ibi tó ti máa wá. Lílo P/E ọdún tó kọjá fún ọ̀kan àti ti ọdún tó ń bọ̀ fún èkejì. Ẹ lo ọdún kan náà fún méjèèjì. Àti èyí tó burú jù: gbígbé àbá mẹ́wàá lọ nígbà tó jẹ́ ọ̀kan péré lẹ gbà gbọ́. Ọ̀gá máa mọ̀ láti ojú ìwé kejì.

Bí ọ̀gá bá ní rárá

Ẹ béèrè èwo nínú àlàfo mẹ́fà ló já. Bó bá jẹ́ iye ni, ẹ kọ iye ìpín tí àbá náà ti máa bọ́gbọ́n mu, kí ẹ sì fi ìkìlọ̀ sórí ẹ̀rọ yín kó ta yín lólobó bó bá dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ni ín ni, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé àwọn onípìn-ín wọn sílẹ̀. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo, orúkọ, ìdí tó fi kú, àti ohun tó lè jí i, kí ẹ sì ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣí í-meèlì.